Awọ Àlẹ̀mọ́ tàbí Flap? Ìfiwéra fún Ẹni Tí Wọ́n Fẹ́ Bo Ojú Egbò Rẹ̀

Bí mo bá ń tú báńdéèjì lójú egbò ńlá, ìbéèrè kan wà tí àwọn ẹbí aláìsàn kì í ṣàì bi mí: "Nọ́ọ̀sì, nínú gbogbo ohun tí dókítà kà sílẹ̀ yìí, èwo ló dára jù?" Mo mọ ohun tó fà á. Dókítà ti wá, ó ti dárúkọ awọ àlẹ̀mọ́ tí wọ́n ń pè ní skin graft, ó ti dárúkọ flap, ó ti ní kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé, ó sì ti kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ẹ̀rù ń ba ẹni tó dùbúlẹ̀, ẹni tó dúró tì í sì ń wá ẹni tí yóò bá a tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀.

Ohun kan náà ni mo máa ń sọ: ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ yóò ti wá. Ẹran ara ni ohun tí a fẹ́ fi bo egbò, ẹran ara tí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì dé, kíkú ni yóò kú. Awọ àlẹ̀mọ́ kò ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ mọ́. Bí a ṣe bó o kúrò lára itan báyìí, gbogbo iṣan tó ń bọ́ ọ ti já. Ojú egbò tí a tẹ́ ẹ lé ni yóò máa bọ́ ọ, bí ilẹ̀ ṣe ń bọ́ ẹ̀ka tí a gé gúnlẹ̀. Flap kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ àti ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ ni, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹran tàbí eegun, tí a gbé tòun ti iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ, bí ẹni hú igi pẹ̀lú gbòǹgbò àti erùpẹ̀. Àlejò tí onílé yóò bọ́ ni awọ àlẹ̀mọ́. Àlejò tó gbé oúnjẹ rẹ̀ dání ni flap. Bí onílé kò bá ní nǹkan kan nílé, ẹ mọ èyí tí yóò rí i gbé nínú àwọn méjèèjì.

Ìsàlẹ̀ egbò ni kí ẹ wò, kì í ṣe fífẹ̀ rẹ̀

Fífẹ̀ egbò ló ń kọ́kọ́ dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń pinnu. Mo ti bá wọn tọ́jú egbò iná tó gba ẹ̀yìn ọkùnrin kan láti èjìká dé ìbàdí, awọ àlẹ̀mọ́ nìkan la fi bò ó, ó sì san. Mo tún tọ́jú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó já látorí alùpùpù, tí egbò ojúgun rẹ̀ kò ju ohun tí àtàǹpàkò méjì lè bò lọ, síbẹ̀ gbogbo ọjọ́ kan ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀. Ti ẹ̀yìn yẹn, ẹran pupa ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí a bá fi gọ́ọ̀sì kàn án, ẹ̀jẹ̀ á máa sun wẹ́wẹ́. Ti ojúgun, eegun funfun ló wà níbẹ̀, ó gbẹ, kò sun ohunkóhun.

Àwọn ibi kan wà tí awọ àlẹ̀mọ́ kì í mú rárá: orí eegun tí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ara rẹ̀ ti ṣí kúrò, orí iṣan líle funfun tó so ẹran mọ́ eegun bí àpò rẹ̀ bá ti ya, orí kèrékèré tó wà níhòòhò, orí irin tí wọ́n fi to eegun. Ibi tí iná ìtọ́jú jẹjẹrẹ ti jó pẹ̀lú kì í sábà gbà á, nítorí ìtànṣán yẹn ti ba àwọn iṣan wẹ́wẹ́ abẹ́ awọ jẹ́. Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá wà nísàlẹ̀ egbò yín tí ẹnì kan sì ń sọ pé awọ àlẹ̀mọ́ tó, ẹ ní kó ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ yóò ṣe débẹ̀.

Ẹ tún rí i dájú pé ojú egbò ti mọ́. Bí a bá bo ẹran tó ti kú tàbí ọyún mọ́lẹ̀, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ a ń pa làpálàpá. Èyí tó bá jẹ́ ojú jẹjẹrẹ tí wọ́n gé ní ìkìlọ̀ tirẹ̀: kí wọ́n dúró gbọ́ èsì láti yàrá àyẹ̀wò pé etí ibi tí wọ́n gé kò ní jẹjẹrẹ mọ́ kí wọ́n tó yí flap sí i. Tí a bá ti yí awọ tó wà nítòsí síbẹ̀ tán, ó ṣòro láti mọ etí tó kù sílẹ̀ nígbà tí èsì bá dé pé ó ṣì kù.

Kí a fi í sílẹ̀, tàbí kí a rán an

Egbò kékeré tí kò jìn lè san fúnra rẹ̀. Àwọn ibi tó wọnú lójú, bí igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ẹ̀bátí àti inú àwo etí, máa ń san dáadáa bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ tí a sì ń jẹ́ kí wọ́n tutù, tí wọ́n sì mọ́. Ewu ibẹ̀ ni pé egbò tó ń dá san máa ń fún. Bí ó bá wà nítòsí ìpéǹpéjú tàbí ètè, yóò fà á kúrò ní àyè rẹ̀. Rírán ló yá jù níbi tí etí méjèèjì bá ti lè pàdé láìfà. Bí wọ́n bá fi tipátipá fà á pọ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé etí rẹ̀, yóò sì tú. N kò ní pẹ́ lórí méjèèjì yìí, nítorí ẹni tí wọ́n lè ṣe èyí fún kò sí lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú.

Awọ àlẹ̀mọ́: tẹ́ẹ́rẹ́ àbí odindi?

Oríṣi méjì ló wà, ìyàtọ̀ wọn sì ju bí àwọn kan ṣe ń fẹnu fò ó lọ.

Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fi ọ̀bẹ pàtàkì tàbí ẹ̀rọ bó, ó sábà máa ń jẹ́ láti itan. Kì í nípọn ju bíi ìdá mẹ́rin mìlímítà kan sí ìdajì rẹ̀ lọ: awọ òkè pátápátá, pẹ̀lú díẹ̀ lára awọ abẹ́. Nítorí pé gbòǹgbò irun àti ojú òógùn ṣì wà nínú èyí tó kù sórí itan, ibẹ̀ yóò tún hu awọ tuntun fúnra rẹ̀ láàárín bíi ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Ìdí nìyí tí a fi lè bo egbò tó fẹ̀ gan-an pẹ̀lú rẹ̀, tí a tún lè padà bó ibì kan náà lẹ́yìn tó bá ti san. Wọ́n tún lè gbé e gba inú ẹ̀rọ tí yóò dá a lu bí àwọ̀n, kó lè fẹ̀ ní ìlọ́po kan ààbọ̀ tàbí ìlọ́po mẹ́ta. Ihò àwọ̀n yẹn ń jẹ́ kí omi àti ẹ̀jẹ̀ rí ọ̀nà jáde, ṣùgbọ́n àmì rẹ̀ kì í parẹ́ tán lára. Mo gbà pé ó yẹ ní ẹ̀yìn tàbí itan. N kò fẹ́ rí i lójú ẹnikẹ́ni bí ọ̀nà mìíràn bá wà.

Èyí tó jẹ́ odindi gba gbogbo ìpọ́n awọ, òkè àti abẹ́. Ẹ̀yìn etí, òkè eegun ọrùn, tàbí ibi tí itan ti pàdé ikùn ni wọ́n sábà ń gé e. Ibi tí wọ́n bá gé e kò lè hu awọ mìíràn, rírán ni wọ́n ń rán an pa, ìdí nìyẹn tí kò fi lè tóbi. Ó tún nílò ilẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ ju ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ, torí pé ó nípọn. Ṣùgbọ́n bó bá ti mú, ó rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ súnmọ́ ti awọ tòótọ́, kì í sì í fún tó ti tẹ́ẹ́rẹ́. Ojú, ìka àti àtẹ́lẹwọ́ ni àyè tirẹ̀.

Fífún yìí ni kí ẹ fọkàn sí. Awọ tó tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń fún fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti rò pé iṣẹ́ ti parí. Bí ó bá wà níwájú ọrùn, ní kọ̀rọ̀ apá tàbí lẹ́yìn orúnkún, ó lè fa oríkèé náà ká débi pé kò ní lè nà mọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń de igi ìdúró mọ́ ọn, tí wọ́n sì ń fi aṣọ tó fún mọ́ra tẹ̀ ẹ́, nígbà mìíràn títí dé ọdún kan. Ẹni tó bá ní ọmọ kékeré tí iná jó ní oríkèé, kó bèèrè ìbéèrè yìí lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ta ni yóò máa bá wa na apá yìí, ó sì di ìgbà wo?

Ní ti bó ṣe ń mú, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ni awọ àlẹ̀mọ́ fi ń mu omi ara láti ojú egbò bí ọ̀gbẹ̀lẹ̀ ilẹ̀ ṣe ń mu òjò. Lẹ́yìn náà, ẹnu iṣan wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ á pàdé ti inú awọ náà. Ní ọjọ́ 5 sí 7, ẹ̀jẹ̀ ti ń sàn. Ohun mẹ́ta ló sábà ń pa á láàárín ìgbà yẹn: ẹ̀jẹ̀ tàbí omi tó dá sí abẹ́ rẹ̀ tó sì gbé e sókè, kòkòrò àìsàn, àti yíyẹ̀. Bó bá yẹ̀ díẹ̀ péré, àwọn iṣan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ so pọ̀ ti já nìyẹn. Ìdí tí wọ́n fi ń ní kí ẹ má gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ nìyí. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fìyà jẹ yín.

Ọjọ́ karùn-ún ni a sábà ń ṣí i wò. N kì í fa gọ́ọ̀sì rẹ̀ yọ; omi iyọ̀ ni mo ń rọ sí i, tí n óò dúró títí yóò fi tú fúnra rẹ̀. Bí awọ náà bá ti rọ̀ mọ́ ilẹ̀ tí ó sì pọ́n díẹ̀, ó ti mú. Lára ẹni tó dúdú, awọ òkè tó dúdú náà lè ṣí kúrò bí èépá, tí pupa á hàn lábẹ́ rẹ̀, ẹbí aláìsàn á sì pariwo pé ó ti bàjẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò bàjẹ́. Abẹ́ ti mú, òkè ni yóò tún hu, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì padà díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ lè dúdú ju ti àyíká lọ.

Flap: ti ìtòsí, ti ọ̀nà jíjìn, àti èyí tí a já kúrò

Flap ti ìtòsí ni kí wọ́n gé awọ ẹ̀gbẹ́ egbò láìjá a tán, kí wọ́n wá yí i, tàbí kí wọ́n tì í síwájú, kó bo ojú egbò. Àwọ̀ rẹ̀ bá ti ibẹ̀ mu, torí ọmọ àdúgbò ni. Lójú mi, òun ló dára jù fún ojú ènìyàn. Harold Gillies, oníṣẹ́ abẹ tó tún ojú àwọn ọmọ ogun ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé ohun tó bá sọnù, irú rẹ̀ ni kí a fi dípò, n kò sì tíì rí ìmọ̀ràn tó ga ju ìyẹn lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún ẹ̀rẹ̀kẹ́, ètè fún ètè.

Imú ló fi èyí hàn jù. Ní Íńdíà, ó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti ń fi awọ iwájú orí ṣe imú fún ẹni tí wọ́n gé tirẹ̀. Ní 1794, ìwé ìròyìn kan ní London tẹ ìtàn ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Cowasjee tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún. Joseph Carpue, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kà nípa ọ̀nà náà, ó sì ṣe é ní London ní 1814. Títí dòní, ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n ń lò fún imú tó bàjẹ́ púpọ̀: wọ́n á gé awọ iwájú orí sísàlẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gba òkè ojú kọjá á ṣì so mọ́ ọn, wọ́n á yí i bo imú, lẹ́yìn bíi ọ̀sẹ̀ 3 wọ́n á já okùn tó so ó. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ẹran yóò gbé láti iwájú orí wá sí imú, gbogbo ènìyàn ni yóò sì rí i. Ẹ jẹ́ kí aláìsàn mọ̀ kó tó wọlé, kó má baà jí tán kó wo dígí kó bú sẹ́kún.

Flap ti ọ̀nà jíjìn tí a kò já: irú rẹ̀ ni ti ọwọ́ tí awọ rẹ̀ ti ya tán, tí wọ́n rán mọ́ awọ ibi tí itan ti pàdé ikùn fún bíi ọ̀sẹ̀ 3 kí wọ́n tó já a. Ó ń ṣiṣẹ́, kò sì nílò ẹ̀rọ awòǹlá. Ìnira rẹ̀ ni pé apá yóò wà ní ìdè fún gbogbo ìgbà yẹn, èjìká á gan, ọwọ́ á wú nítorí pé ó ń rọ̀ sísàlẹ̀. Àgbàlagbà kì í fara dà á dáadáa.

Èyí tó kẹ́yìn ni flap tí a já kúrò pátápátá, tí wọ́n ń pè ní free flap. Wọ́n á gé awọ tàbí ẹran láti itan, ẹ̀yìn tàbí apá pẹ̀lú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá àti èyí tó ń dá a padà, wọ́n á gbé e lọ sí ojú egbò, wọ́n á sì fi òwú tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ rán àwọn iṣan náà mọ́ ti ibẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ awòǹlá. Iṣan tí à ń wí yìí lè má ju mìlímítà 1 sí 3 lọ. Àwọn oníṣẹ́ abẹ méjì, Daniel àti Taylor, ní Melbourne, Ọsirélíà, ló kọ ìròyìn èyí tó kọ́kọ́ di mímọ̀ káàkiri ní 1973: awọ láti ibi tí itan ti pàdé ikùn tí wọ́n gbé lọ sí ọrùn ẹsẹ̀. Lónìí, lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é déédéé, ó ju 95 nínú 100 tó ń yè. Gbólóhùn "tó ń ṣe é déédéé" yẹn ni kí ẹ dì mú.

Ẹsẹ̀ láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀ ló ń mú kí yíyàn yìí yéni. Bí eegun bá hàn ní ìdá kan òkè, lábẹ́ orúnkún, wọ́n lè yí ẹran ńlá tó wà lẹ́yìn ojúgun síwájú. Ní ìdá àárín, wọ́n lè yí ẹran tó wà lábẹ́ ìyẹn. Ní ìdá ìsàlẹ̀, ẹran ti tán níbẹ̀, iṣan líle àti eegun ló kù, nítorí náà free flap ló sábà ń bọ́ síbẹ̀, tàbí kí wọ́n yí awọ ẹ̀yìn ojúgun lódì wá sísàlẹ̀ bí Masquelet, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1992. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ awòǹlá, flap Masquelet yìí ti gba ẹsẹ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ gígé. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ máa ń há sí ṣóńṣó rẹ̀, pàápàá lára alátọ̀gbẹ àti ẹni tó ń mu sìgá.

Ìgbà tí wọ́n bò ó náà ṣe pàtàkì. Iṣẹ́ tí Marko Godina, oníṣẹ́ abẹ ní Ljubljana ní Slovenia, ṣe lórí aláìsàn 532 jáde ní 1986. Lára àwọn tó bo egbò wọn pẹ̀lú free flap láàárín wákàtí 72 tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, flap tó kú kò pé 1 nínú 100. Lára àwọn tó pẹ́ ju ìyẹn lọ títí dé oṣù 3, ó tó 12 nínú 100. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé egbò tó ní eegun níhòòhò nílò ilé ìwòsàn mìíràn, ọjọ́ kìíní ni ẹ ti ń lọ, kì í ṣe ìparí ọ̀sẹ̀.

Kí ni ara yóò san?

Ohun tí àwọn ènìyàn kì í bèèrè tó ni ibi tí wọ́n ti gé e. Ibi tí wọ́n bó awọ tẹ́ẹ́rẹ́ lára itan máa ń dun ènìyàn ju egbò gan-an lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo aláìsàn ló ń yà lẹ́nu. Flap tí wọ́n gé láti apá, láàárín ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn ọwọ́, ń gba ọ̀kan nínú iṣan ńlá méjì tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọwọ́. Kí wọ́n tó gé e, wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ ọrùn ọwọ́ yín, kí ẹ di ìkúùkù kí ẹ sì ṣí i, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá iṣan kejì lè dá bọ́ ọwọ́. Ibi tí wọ́n gé náà yóò sì sábà nílò awọ àlẹ̀mọ́, àpá rẹ̀ kò ní fara sin. Ti ẹ̀gbẹ́ itan ṣeé fi aṣọ bò, wọ́n sì lè rán an pa bí kò bá fẹ̀ jù. Ẹran ńlá ẹ̀yìn tó fẹ̀, a lè máa ṣe iṣẹ́ òòjọ́ láìsí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi igi rìn tàbí tó ń fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn yóò mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún dókítà kó tó yan ibi tí yóò gé.

Nísinsìnyí, ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Awọ àlẹ̀mọ́ lè gba wákàtí kan tàbí méjì ní yàrá iṣẹ́ abẹ, free flap lè gba 6 sí 12. Bí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn kò bá lágbára, wákàtí wọ̀nyẹn lábẹ́ oògùn oorun fúnra wọn jẹ́ ewu. Awọ àlẹ̀mọ́ kò ní òróró tirẹ̀, nítorí náà á máa gbẹ, ẹ óò máa fi ìpara rà á lójoojúmọ́, ẹ ó sì máa bò ó lọ́wọ́ oòrùn. Flap máa ń nípọn. Èyí tí wọ́n gbé láti itan sí ẹsẹ̀ lè má jẹ́ kí bàtà wọ̀, títí wọ́n á fi padà gé ọ̀rá rẹ̀ kù. Lábẹ́ flap, wọ́n lè padà ṣiṣẹ́ lórí eegun tàbí iṣan. Lábẹ́ awọ tẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn kò ṣeé gbójú lé.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìyàtọ̀ wọn ti dùn mí jù ni bí wọ́n ṣe ń kùnà. Awọ àlẹ̀mọ́ tó bá bàjẹ́ lè bàjẹ́ lápá kan, a ó tọ́jú èyí tó kù, a ó sì tún bó òmíràn. Bí free flap bá kú, ó sábà máa ń kú tán. Aláìsàn á padà sí egbò rẹ̀ àtijọ́, ibi tí wọ́n ti gé e á sì tún wà lára rẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ àtijọ́ máa ń sọ pé kí a gùn ún bí àkàbà: kí a gbìyànjú èyí tó rọrùn kí a tó gun èyí tó le. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ní kí a lọ tààrà sí èyí tó bá egbò mu. Àwọn tó dé lẹ́yìn ni mo bá lọ. Mo ti rí ẹni tí wọ́n fi awọ àlẹ̀mọ́ dán wò lẹ́ẹ̀mejì lórí eegun gbígbẹ nítorí pé "ó rọrùn", tó sì pàdánù oṣù mẹ́rin àti awọ itan méjèèjì kí wọ́n tó gbà pé flap ló nílò.

Gìgísẹ̀ yẹ kí n dárúkọ rẹ̀ lọ́tọ̀. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ibi tí ara ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í pẹ́ ya. Bí àárín àtẹ́lẹsẹ̀ bá wà láìfarapa, wọ́n lè yí awọ ibẹ̀, tó nípọn tó sì ní iṣan ìmọ̀lára, lọ sí gìgísẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀. Ní ti egbò àdùbúlẹ̀jù ní ìdí, kò sí flap tó lè borí bẹ́ẹ̀dì. Bí ohun tó fa títẹ̀ kò bá kúrò, yóò padà, nítorí náà kí ẹbí tó gbà fún iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n mọ ẹni tí yóò máa yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì méjì.

Àwọn ohun tó ń ra àkókò

Ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ kúrò lójú egbò, tí Argenta àti Morykwas, àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1997, máa ń fa omi, ó sì ń mú kí ẹran pupa tètè hù. 125 mmHg, ìyẹn ìwọ̀n agbára tó fi ń fà, ni wọ́n sábà ń fi sí. Ó dára púpọ̀ láti múra egbò sílẹ̀, tàbí láti fi di awọ àlẹ̀mọ́ mú kó má yẹ̀. Kì í ṣe ìbòrí, kò sì yẹ fún egbò tí jẹjẹrẹ ṣì wà nínú rẹ̀ tàbí tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá wà níhòòhò. Awọ abẹ́ àtọwọ́dá pẹ̀lú wà, bí Integra: wọ́n á tẹ́ ẹ, wọ́n á dúró bíi ọ̀sẹ̀ 3 kí iṣan wẹ́wẹ́ wọ inú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ lé e.

Fún orí tó ti pá nítorí iná, mo fẹ́ràn bàlúùnù abẹ́ awọ. Wọ́n á fi sábẹ́ awọ orí tó ní irun, wọ́n á máa rọ omi sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, awọ á fẹ̀, wọ́n á sì fi bo ibi tó pá. Kò sí ibòmíràn lára tí irun rẹ̀ dà bí ti orí. Kìkì pé aláìsàn yóò ní orí tó wú fún oṣù wọ̀nyẹn, bàlúùnù náà sì lè bẹ́ tàbí kó kó kòkòrò.

Ohun tí ẹ óò bèèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé

Ẹ bèèrè ohun tó wà nísàlẹ̀ egbò. Ẹ bèèrè ibi tí wọ́n fẹ́ gé, àti ohun tí ẹ kò ní lè ṣe mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bèèrè ohun tí wọn yóò ṣe bí èyí bá kùnà. Bí ẹ bá ń mu sìgá, ẹ sọ òótọ́, kí ẹ sì dá a dúró ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú bí àyè bá wà, torí pé sìgá ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pa. Bí ara yín bá máa ń hu àpá tó ń wú sókè, ẹ fi ti àtijọ́ hàn wọ́n. Bó bá jẹ́ free flap, ẹ bèèrè iye tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, kí ẹ sì bèèrè ẹni tí yóò máa wò ó lóru.

Òru ọjọ́ kìíní ló ń pinnu. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń dé ìdí bẹ́ẹ̀dì, tí n óò fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan flap náà bóyá ó gbóná, tí n óò fi ìka tẹ̀ ẹ́ kí n wo bí àwọ̀ á ṣe padà, tí n óò sì fi ẹ̀rọ Doppler gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀. Bó bá tutù, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ṣá, ẹ̀jẹ̀ kò wọlé. Bó bá wú, tó le, tí àwọ̀ sì ń padà kíákíá jù, ẹ̀jẹ̀ wọlé kò rí ọ̀nà jáde. Lára ẹni tó dúdú, àwọ̀ kì í hàn dáadáa, ọwọ́ àti etí ni mo ń gbẹ́kẹ̀ lé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin alùpùpù yẹn, aago méjì òru ni mo fọwọ́ kan tirẹ̀ tí mo rí i pé ó ti le ju ti aago kan lọ. Mo fi abẹ́rẹ́ gún un, ẹ̀jẹ̀ tó jáde dúdú, ó sì ń yára jáde. N kò dúró di aago mẹ́ta. Mo pe dókítà, kò sì bi mí bóyá ó dá mi lójú. Ó ní kí n sọ fún àwọn tó wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ pé òun ń bọ̀. Wọ́n ṣí i, wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà, wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì tún un rán. Nígbà tí wọ́n gbé e padà wá, ilẹ̀ ti ń mọ́. Mo gbé ẹ̀yìn ọwọ́ mi lé e. Ó rọ̀, ó sì gbóná.